Bí Ọmọ Mi Ṣe Ń Dìde Nílẹ̀

Kí ọmọ mi tó pé ọmọ ọdún márùn-ún ni mo ti rí i pé bó ṣe ń dìde nílẹ̀ kò jọ ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Àwọn ọmọ tó kù nínú ọgbà wa ní Gidan Igwai, ní Sókótó, bí wọ́n bá jókòó lórí ẹní tí ẹnìkan sì pè wọ́n, wọn á kàn fò dìde ni. Tèmi á kọ́kọ́ dojú bolẹ̀, á fi ọwọ́ méjèèjì tẹlẹ̀, á gbé ìdí sókè bí ọmọ màlúù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí. Á wá gbé ọwọ́ kan lé orúnkún, á gbé èkejì tẹ̀lé e, á sì máa fi àtẹ́lẹwọ́ gun itan ara rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí àyà rẹ̀ yóò fi nà. Bó bá dúró tán, á wò wá, á rẹ́rìn-ín.

Bàbá rẹ̀ sọ ọ́ ní Bàbá Àgbà nítorí èyí. Gbogbo wa la jọ ń rẹ́rìn-ín, òun náà ń bá wa rín in.

Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n bí mi sí, ìgbéyàwó ló gbé mi dé Sókótó. Tíṣà ni mí nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan. Ìlọrin ni bàbá tó bí bàbá ọkọ mi ti wá, ṣùgbọ́n Kofar Marke ní Sókótó níbí ni wọ́n bí ọkọ mi sí, Hausa sì yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu ju Yorùbá lọ. Fìríìjì ló ń tún ṣe, ó ní ṣọ́ọ̀bù ní Sama Road. Ọmọ yìí nìkan la bí. Ó máa ń bá mi sọ Yorùbá, á bá bàbá rẹ̀ sọ Hausa, bí inú bá bí i, á da méjèèjì pọ̀.

Ohun tó tàn wá jẹ jù ni ẹ̀yìn ojúgun rẹ̀. Ó yọ bọ̀ǹbọ̀, ó le bí òrombó tí kò tíì pọ́n. Obìnrin tó máa ń din kosai, àkàrà àwọn Hausa, níwájú ilé wa láàárọ̀ á dì í mú, á ní, "Ɗan ƙwallo," ìyẹn ni pé agbábọ́ọ̀lù ni yóò dà. Inú mi a dùn. Ta ni inú rẹ̀ kò ní dùn?

Àmọ́ agbábọ́ọ̀lù yìí kò lè sáré. Ó ń fi ìka ẹsẹ̀ rìn, ikùn á ṣíwájú, èjìká á wà lẹ́yìn bíi ti aláboyún, ìbàdí rẹ̀ á sì máa fì sọ́tùn-ún sósì. Ó ń ṣubú láìsí òkúta níbẹ̀. Tíṣà rẹ̀ ní ọ̀lẹ ni, pé bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ti gun àtẹ̀gùn tán, òun á ṣì máa fa ara rẹ̀ mọ́ ògiri. Ọkọ mi ní kò sí ọ̀lẹ nílé baba òun. Ó bẹ̀rẹ̀ sí mú un jáde lẹ́yìn ìrun àfẹ̀mọ́júmọ́ pé kó máa sáré nínú iyanrìn, nítorí iyanrìn ló ń fún ẹsẹ̀ lágbára. Wọ́n á jọ jáde, wọ́n á jọ padà, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ń bọ̀, ọmọ á wà léjìká bàbá rẹ̀. Ní ọjọ́ kan, ọkọ mi sọ ọ́ kalẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, ó wò mí, ó ní, "Ọmọ yìí kò ṣàìfẹ́. Ó fẹ́, kò lè ni."

Ọjọ́ yẹn la gbé e lọ sílé ìwòsàn.

Lẹ́yìn tí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọ́n ní ká lọ rí ẹni tó ń ṣe ìtọ́jú iṣan àti egungun. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni, ọmọbìnrin àgùnbánirọ̀ tó ń sin ìlú lọ́wọ́, ojú rẹ̀ sì kéré débi pé mo kọ́kọ́ rò pé ọmọ ilé ìwé ni. Ó ní kí ọmọ mi jókòó sílẹ̀, kó tún dìde. Ọmọ dìde bó ṣe máa ń dìde. Ó ní kó tún un ṣe. Nígbà tí ọmọ fi ọwọ́ gun itan rẹ̀ tán lẹ́ẹ̀kejì, ọmọbìnrin náà yíjú sí mi.

"Mà," ó ní, "mo fẹ́ kí nǹkan tí mo máa sọ yé yín dáadáa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá fi gìgísẹ̀ yín àti ìdí yín ti ògiri."

Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ju kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sílẹ̀ níwájú mi.

"Ẹ bẹ̀rẹ̀ kí ẹ mú un. Ẹ má tẹ orúnkún, ẹ má sì ṣí ẹsẹ̀ kúrò níbẹ̀."

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ báyìí, ńṣe ni mo ń lọ síwájú bí igi tí wọ́n gé. Òun ló gbá mi mú.

"Kí ló fẹ́ gbé yín ṣubú?"

Mo ní, "Ògiri kò jẹ́ kí ìdí mi lọ sẹ́yìn."

"Ẹ ṣeun, mà. Gbogbo ìwúwo ara wa, ẹ jẹ́ ká sọ pé ojú kan ló pàdé sí, ní agbègbè ìdodo. Bí ojú yẹn bá ṣì wà lókè ibi tí ẹsẹ̀ wa tẹ̀, a ó dúró. Bó bá ti kọjá ìka ẹsẹ̀ síwájú, ilẹ̀ ló kàn. Nígbà tí ẹ bá bẹ̀rẹ̀, orí ń lọ síwájú, ìdí á lọ sẹ́yìn láti gbè é. Ẹ kì í rò ó, ara yín ló ń rò ó fún yín. Iṣan tó yẹ kó di ìbàdí ọmọ yín mú kó má tẹ̀ síwájú ti rọ̀. Ìdí nìyẹn tó fi ń gbé èjìká sẹ́yìn tó ń ti ikùn síwájú. Ó ń wá ibi tí ìwúwo rẹ̀ á ti dúró láìsí pé iṣan dì í mú."

Ó dìde, ó lọ sídìí ilẹ̀kùn, ó ní kí n fi ìka kan tì í ní ibi tí ọwọ́ ìdìmú wà. Ilẹ̀kùn lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ó ní kí n wá tì í lẹ́bàá ibi tí wọ́n ti kàn án mọ́ férémù. Mo fi gbogbo ara tì í kó tó mira.

"Bí oríkèé ara wa ṣe rí nìyẹn," ó wí. "Iṣan kò so mọ́ ìparí egungun, ẹ̀bá oríkèé ló so mọ́, níbi tó le jù láti ti ilẹ̀kùn. Àǹfààní rẹ̀ ni pé bí iṣan bá fà díẹ̀, ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ á rìn jìnnà, á sì yára. Ṣùgbọ́n agbára ńlá ni iṣan ń ná fún ohun kékeré. Bó bá wá bẹ̀rẹ̀ sí í kú, kì í pẹ́ tí a fi máa ń mọ̀ ọ́n. Orúnkún ọmọ yín kò rí agbára tó máa nà án mọ́. Apá rẹ̀ ṣì lágbára, ló ṣe ń fi ọwọ́ ti itan sẹ́yìn kí orúnkún lè nà."

Mo bi í pé, "Ta ló kọ́ ọ?"

"Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ, mà. Gbogbo ọmọ tó bá ní irú àìsàn yìí, òun náà ni wọ́n ń ṣe. Kì í ṣe ọ̀lẹ. Ọmọ yín ń ṣiṣẹ́ ju àwọn tó ń sáré lọ."

Mo bi í nípa ẹ̀yìn ojúgun rẹ̀ tó tóbi. Ó ní kì í ṣe iṣan mọ́, pé ọ̀rá àti ẹran líle tí kò lè fa ohunkóhun ló ti rọ́pò rẹ̀. Mo wá bi í léèrè oògùn. Ó wo ọmọ mi tó ń fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ṣeré nílẹ̀, ó ní, "Ẹ jẹ́ kí dókítà àgbà bá yín sọ̀rọ̀, mà."

Dókítà àgbà fi sùúrù bá wa sọ̀rọ̀. Kò sí oògùn. Yóò rìn fún ìgbà díẹ̀, yóò wá dẹ́kun rírìn, apá yóò tẹ̀lé ẹsẹ̀, nígbẹ̀yìn yóò dé ibi èémí. Ó bi mí bóyá ọkùnrin kan wà nínú ìdílé ìyá mi tí irú èyí ṣe rí, nítorí láti ara ìyá ló sábà máa ń gbà dé ara ọmọkùnrin. Mo ní kò sí.

Fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ ìlú ni nígbà náà. Mo fi ti ọkọ mi pe ìyá mi ní Ògbómọ̀ṣọ́, mo sọ gbogbo ohun tí dókítà sọ fún un. Ìyá mi kò dáhùn. Mo rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti lọ.

"Ìyá mi, ṣé ẹ ń gbọ́ mi?"

"Mò ń gbọ́ ẹ." Ó wá ní, "Mo ní àbúrò ọkùnrin kan. A kì í dárúkọ rẹ̀. Bó ṣe ń dìde nìyẹn, tó ń fi ọwọ́ gun ara rẹ̀. Wọ́n ní ayé ló ṣe é. Wọ́n ní ìyá wa mọ̀ nípa rẹ̀. Èmi ni mo máa ń pọ̀n ọ́n títí ó fi ju ẹ̀yìn mi lọ."

Àwọn àgbà ní ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó ń bẹ nínú àpò ṣòkòtò. Ní tèmi, inú ẹ̀jẹ̀ mi ló wà, mo sì ti gbé e rin ọ̀nà jíjìn wá fún ọmọ mi.

Mo sọ fún ọkọ mi. Mo rò pé yóò bínú, tàbí pé yóò jáde lọ. Ó jókòó lórí àpótí irinṣẹ́ rẹ̀, ó ń fi èékánná ha ọwọ́ rẹ̀ tí epo ti wọ̀. Ó ní, "Ṣé ìwọ lo fi síbẹ̀ ni?" Mo ní rárá. Ó ní, "Ó tán." Nígbà tí àwọn ẹbí rẹ̀ gbọ́, wọ́n ní kó fẹ́ ìyàwó mìíràn tó máa bí ọmọ tó ní ẹsẹ̀ fún un. Ó dá wọn lóhùn pé ọmọ òun ní ẹsẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kan náà ó ra páìpù omi onírin, ó kàn án mọ́ ògiri láti yàrá títí dé ilé ìyàgbẹ́, ní ìwọ̀n ibi tí ọwọ́ ọmọ dé. Bí ọmọ ṣe ń ga ló ń tú u, tó ń gbé e sókè.

Ọmọbìnrin Ìjẹ̀bú náà kọ́ mi ní ohun tó mọ̀ kó tó parí ìsìnlú rẹ̀. Ó kọ́ mi bí a ṣe ń na gìgísẹ̀ rẹ̀ láràárọ̀ kó má baà ká. Ó ní bó bá fẹ́ dìde lórí àga, kó fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn, kó tẹ orí síwájú títí imú rẹ̀ á fi kọjá orúnkún, kó tó gbéra. Ó kọ́ èmi náà bí n ó ṣe máa gbé e: kí n ya ẹsẹ̀, kí n tẹ orúnkún, kí n má tẹ ẹ̀yìn, kí n fà á mọ́ra, nítorí ẹrù tó bá jìnnà sí àyà máa ń wúwo ju ara rẹ̀ lọ. Nígbà tó ń lọ, ó wá dágbére fún wa nílé. Ọmọ mi bi í bóyá ó máa padà wá. Ó ní òun á gbìyànjú. A kò rí i mọ́. N kò bínú sí i. Ọ̀nà jìn, ó sì ní ayé tirẹ̀ láti gbé.

Ọmọ mi fẹ́ràn àti máa lọ sí mọ́sálásí pẹ̀lú bàbá rẹ̀. Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, ó bẹ̀rẹ̀ fún rúkúù, kò lè nà mọ́. Ó wà bẹ́ẹ̀, ọwọ́ lórí orúnkún, tí gbogbo sáàfù, ìlà àwọn tó ń kírun, ti lọ sí ìforíkanlẹ̀. Ọkọ mi sọ fún mi pé òun kò mọ̀ bóyá kí òun kírun lọ ni tàbí kí òun gbá a mú. Lẹ́yìn ìrun, màlámù adúgbò wa, bàbá àgbàlagbà kan, pe ọmọ mi mọ́ra, ó sọ fún un ní Hausa pé kó máa jókòó kírun, Ọlọ́run kò béèrè ju agbára ẹni lọ.

Nígbà tí wọ́n délé, ó ní, "Màmá, àwọn arúgbó ló ń jókòó kírun."

Mo ní, "Àwọn aláìsàn náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, ọmọ mi."

"Ṣé mo máa tún máa dúró bí ara mi bá ti yá?"

Ọkọ mi ti dìde jáde. Mo ní, "Kọ́kọ́ jẹun ná."

Inú ọyẹ́ kan ni ẹsẹ̀ rẹ̀ parí. Ibà dá a dùbúlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, nígbà tí ibà lọ, ó ní kí n fa òun dìde. Mo fà á, ó nà, orúnkún rẹ̀ sì yẹ̀ bíi ti àga tí ìṣó rẹ̀ yọ. A tún gbìyànjú lọ́jọ́ kejì, àti lọ́jọ́ tó tẹ̀lé e. Lẹ́yìn ìyẹn kò béèrè mọ́, èmi náà kò sì pè é sí i.

Kò pẹ́ sígbà náà ni iṣẹ́ kan kàn ní kíláàsì mi. Agbára àti ìṣípòpadà ni àkòrí rẹ̀. Mo kọ ọ́ sí pátákó pé ohun tó bá dúró yóò máa dúró, àyàfi bí agbára kan bá tì í tàbí tó fà á. Mo gbé bọ́ọ̀lù sórí tábìlì, mo ní, "Ẹ wò ó, kò lè dá lọ." Ọmọbìnrin kan nawọ́ sókè, ó ní, "Màlámà, bí ó bá fẹ́ lọ ńkọ́?" Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín, nítorí bọ́ọ̀lù kì í fẹ́ nǹkan. Mo ní kí wọ́n máa dà á kọ, mo lọ dúró sábẹ́ igi dóńgóyárò nínú ọgbà ilé ìwé títí aago fi lù.

Ọkọ mi wá kẹ̀kẹ́ aláìlẹ́sẹ̀ fún un. Iyanrìn àdúgbò wa kò gbà fún un. Bí a bá tì í síwájú, àwọn táyà kékeré iwájú á rì, kẹ̀kẹ́ á dúró gbọn-in. Ọmọ mi ló ní ká yí òun padà kí a máa fa òun sẹ́yìn, kí táyà ńlá ṣíwájú. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń lọ sílé ìwé: èmi ń fà á, òun kọ ẹ̀yìn sí ibi tí a ń lọ, ó ń wo ibi tí a ti ń bọ̀. Á máa sọ fún mi ohun tó rí. "Màmá, ẹlẹ́ṣin kan ń bọ̀ lẹ́yìn, ẹ yà." "Màmá, àwọn tó ń ta àlùbọ́sà ti ń palẹ̀ mọ́."

Nígbà tí apá rẹ̀ náà rọ̀, tí kò lè gbé ṣíbí dé ẹnu mọ́, ó rọ́gbọ́n sí i. Á gbé ìgbọ̀nwọ́ lé orí tábìlì, á tẹ orí sílẹ̀ pàdé ọwọ́, á sì jẹ́ kí ọwọ́ yí lórí ìgbọ̀nwọ́ náà bíi ti àwọn ọmọdé tó ń ṣeré jangirọ́fà. Ó ń jẹun bẹ́ẹ̀. Bí mo bá fẹ́ bá a fi ọwọ́ sí i, á ní, "Ẹ jẹ́ kí n ṣe é fúnra mi." Bí mo bá sì fẹ́ gbé e láti orí ibùsùn, á ní, "Ẹ dúró ná." Á gbé orí rẹ̀ síwájú, á gbé e lé èjìká mi. "Ó yá. Mo ti fi orí mi kún un fún yín." Orí rẹ̀ nìkan ló kù tó lè gbé ràn mí lọ́wọ́.

Ó ń dàgbà, ó ń wúwo, ẹ̀yìn mi ń dùn mí. N kò bẹ Ọlọ́run rí pé kí ìwúwo yẹn dín kù.

Ìgbà òjò ló kú. Òtútù mú un láyà, ohun tí ọmọ mìíràn ì bá wúkọ́ kúrò. Òun kò lè wúkọ́. Dókítà tó tọ́jú rẹ̀ ní ikọ́ pàápàá, iṣẹ́ agbára ni, pé iṣan ikùn àti ti ẹ̀gbẹ́ ló ń ti afẹ́fẹ́ jáde, iṣan rẹ̀ kò sì ní agbára yẹn mọ́. Mo gbé e ti àyà mi, mo tẹ ọwọ́ mọ́ egungun ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, bí ó bá ti fẹ́ wúkọ́, èmi á bá a tẹ̀ ẹ́. A jọ ń wúkọ́ bẹ́ẹ̀ láti àárọ̀. Lọ́sàn-án, ó ní ó rẹ òun, pé kí n jẹ́ kí òun sinmi. Mo dẹwọ́. Ó sinmi. Mo ń dúró de ikọ́ tó kàn, kò wá.

Kí oòrùn tó wọ̀, wọ́n ti sin ín. Ọkọ mi wà lára àwọn tó gbé e, nígbà tó dé, ó ní, "Ó fúyẹ́."

Ìyá mi wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ fún àdúrà ọjọ́ kẹjọ. Ó bá mi jókòó, ó ń fi òróró pa ẹ̀yìn mi níbi tó ń dùn mí. Nígbà tó padà lọ, ilé wá fẹ̀ jù.

Nígbà tó ṣe, obìnrin kan nínú ọgbà wa bímọ, wọ́n pè wá síbi ìsọmọlórúkọ. Ẹnìkan ní kí n bá wọn gbé ọmọ náà lórí ẹní fún ìyá rẹ̀. Mo dúró, mo ya ẹsẹ̀, mo tẹ orúnkún, mo fún ikùn le, mo mí kanlẹ̀, mo sì fi gbogbo agbára apá mi gbé e. Ọmọ jòjòló náà fò sókè lọ́wọ́ mi, àwọn obìnrin sì ké. Kò ṣubú. Ìyá rẹ̀ gbà á, ó sọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé, "Malama, jariri ne fa." Ọmọ ọwọ́ ni o, Màlámà.

Mo ní kó má bínú. Ó ní kò sí nǹkan. Mo jáde.

Ọkọ mi wà lọ́dọ̀ àwọn ọkùnrin níta. Ó rí ojú mi, ó fi oúnjẹ tó wà níwájú rẹ̀ sílẹ̀, ó dìde. Kò bi mí ní ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó ní, "Jẹ́ ká rìn díẹ̀." A rìn gba ẹ̀yìn àwọn ilé títí a fi bọ́ sí títì, lójú oòrùn. Ní Gidan Igwai, ọkùnrin kì í di ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ mú lójú pópó. Ó di tèmi mú, níṣojú àwọn tó jókòó síwájú ilé wọn, kò sì jù ú sílẹ̀ títí a fi yí padà wá sílé.